Adágún Omi Ìkéré

Adágún ni omi tí ó dúró sójú kan tí kò ṣàn. Irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n ní agbègbè Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ níbẹ̀, àfi kí ó sé odò. Báyìí ni a ṣe sé Odò Ọbà ní Ògbómọ̀ṣọ́ nítorí omi ẹ̀rọ, tí a sì ṣe bákan náà ní Erelú ní Ọ̀yọ́. Ṣùgbọ́n ọmọdé ni ìwọ̀nyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ó wà ní Ìkéré, lápá Ìsẹ́yìn, níbi tí Odò Ògùn gbé ń gba àárín òkè kọjá.

Ọdún 1983, nígbà ìjọba Alhaji Shehu Shagari, ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ṣe ìlérí omi mímu, iná mànàmáná, àti omi tí yóò rin ilẹ̀ oko tí ó tó hẹ́kítà 12,000. Kí ọdún náà tó parí, àwọn ológun ti gba ìjọba. Omi kún lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún kọjá tí iná kò tàn.

Àwọn apẹja ní tiwọn kò dúró de ẹnikẹ́ni. Bí odò bá di adágún, ẹja tí ó fẹ́ràn omi líle a dín kù. Epìyà àti àrọ̀, tí wọ́n fẹ́ omi jẹ́jẹ́ àti koríko etí omi, a sì máa bí sí i. Àwọ̀n, ìwọ̀ àti ìgèrè ni a fi ń pa wọ́n. Èyí tí a kò bá tà ní tútù, a ó yan án.

Ọgbà Ẹranko Ọ̀yọ́-Ilé, tí olú-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ọ̀yọ́, fi adágún yìí kún ohun tí àlejò lè wá fi najú, kí wọ́n wa ọkọ̀, kí wọ́n sì dẹ ìwọ̀. Ní Kánádà, ilé ìsinmi àwọn ará ìlú ńlá ló yí adágún Simcoe ká. Bí irú ilé bẹ́ẹ̀ yóò bá dé Ìkéré, ọ̀rọ̀ kan wà tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yanjú. Omi tí a sé kì í ní etí kan ṣoṣo: a máa fà sẹ́yìn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a sì máa padà wá nígbà òjò. Onílé tí ó bá mọ ògiri dé etí omi ọjọ́ òjò ti dínà mọ́ apẹja tí ń gbé ọkọ̀ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ ẹ̀ẹ̀rùn.