Owó Tí A San, Ta Ni Yóò Ṣírò Rẹ̀ fún Wa?

 

Bí alájọ bá gba owó wa láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù dé òpin, tí kò wá mú káàdì jáde kó ṣírò, ṣé a ó dákẹ́? Ó tì o! Gbogbo ọjà ni yóò gbọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá san owó orí fún ìjọba ìpínlẹ̀, tí a gba rìsíìtì, a ti gbàgbé nìyẹn. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní ẹ̀ka 125, ti là á sílẹ̀. Akáǹtáǹtì Àgbà ìpínlẹ̀ yóò kó ìṣirò owó ọdọọdún fún Ọ́dítọ̀ Àgbà. Láàárín 90 ọjọ́ tí ìwé náà bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, Ọ́dítọ̀ Àgbà gbọ́dọ̀ jábọ̀ fún Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa: ọjọ́ tí ìwé dé ọwọ́ rẹ̀ ni kíkà ti bẹ̀rẹ̀. Bí ìwé bá pẹ́ lọ́dọ̀ akáǹtáǹtì, àbọ̀ náà á pẹ́.

Àwọn iléeṣẹ́ tí òfin dá sílẹ̀ lọ́tọ̀ ńkọ́? Ọ̀dọ̀ Ọ́dítọ̀ Àgbà ni wọn yóò ti gba orúkọ àwọn ọ́dítọ̀ tí wọ́n lè mú. Òun náà ni yóò sọ̀rọ̀ lórí ìṣirò wọn, ó sì lè yọjú sí wọn láti yẹ ìwé wò.

Kí wá ni tiwa níbẹ̀? Òfin kan jáde lọ́dún 2011 tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba. Kò di dandan kí o sọ ohun tí o fẹ́ fi ṣe. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti dáhùn. Ẹni tí kò mọ̀wé lè rán ẹlòmíì. Bó bá sì fẹnu sọ ọ́, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ni yóò kọ ọ́ sílẹ̀ fún un.

Àwọn kan ń sọ tẹ́lẹ̀ pé òfin yìí ò kan ìpínlẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, lórí ẹjọ́ tí wọ́n pe iléeṣẹ́ ìjọba kan ní Ìpínlẹ̀ Edo, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní ó kan gbogbo wọn.

Nítorí náà, ní ìpàdé wa tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ ká yan ẹni méjì tí yóò lọ béèrè àbọ̀ Ọ́dítọ̀ Àgbà ìpínlẹ̀ wa. Kì í ṣe ìjà, ìṣirò la fẹ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́.