Ẹ Má Tíì Ju Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Nù

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Sabon Gari, Kánò, inú kọ̀ǹpútà IBM PS/2 àtijọ́ ni ẹgbẹ́ wa kọ orúkọ àwọn tó ń dá owó ìsìnkú sí. Nígbà tá a tàn án lóṣù tó kọjá, nọ́ńbà 161 ló gbé jáde, kò sì ṣiṣẹ́ mọ́. Àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lọ́jà ní ó ti kú, ká tà á fún àwọn tó ń ra àlòkù irin. A ò bínú sí wọn. Ọdún 1987 ni irú rẹ̀ kọ́kọ́ jáde, wọn ò tíì bí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n àwọn opó kan wà tí kò ní ẹ̀rí mìíràn pé ọkọ wọn dá owó.

Ọmọ wa kan ló rí ìwé ẹ̀rọ náà nínú Internet Archive, lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí 161 ń sọ kò ju pé bátìrì kékeré inú rẹ̀ ti kú. A ti pààrọ̀ bátìrì. Ó ku dísíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Reference Diskette, tá a ó fi tún un tò. Ẹ̀dà rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ kọ̀ǹpútà òde òní kò ní ojú tí wọ́n ń ki dísíkẹ́ẹ̀tì bọ̀. Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà tó ṣì ní in, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé e wá sípàdé ọjọ́ Àìkú.