Ṣọ́ọ̀kù Ọkọ̀ Àtijọ́ Tí Ń Jò: Èyí Tí A Lè Tún Ṣe àti Èyí Tí A Kò Gbọdọ̀ Fọwọ́ Kàn

Ẹni tí ó bá dúró ní ọjà Ṣáṣá ní òwúrọ̀ yóò rí ọkọ̀ àtijọ́ tí ó ru apẹ̀rẹ̀ ata àti tòmátì, tí imú rẹ̀ ń jó sókè sódò bí ó ti ń bọ́ sínú kòtò. Àwọn kan a máa fi í rẹ́rìn-ín. Ọ̀ràn ẹ̀rín kọ́ ni, nítorí pé ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ kò bá dúró lórí ilẹ̀ kì í tètè dúró nígbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì.

Sípírìǹgì ni ó ń gbé ẹrù. Ṣọ́ọ̀kù ni kì í jẹ́ kí sípírìǹgì máa fò láìdáwọ́ dúró. Páìpù irin tí òróró wà nínú rẹ̀ ni. Ọ̀pá dídán kan ń wọ inú rẹ̀, ó sì ń jáde. Ní ìsàlẹ̀ ọ̀pá yìí ni písítìnì tí ó ní ihò wẹ́wẹ́ wà. Bí ọkọ̀ bá kọ lu kòtò, òróró ní láti gba àwọn ihò wọ̀nyí kọjá, kò sì lè yára kọjá. Ìlọ́ra yìí ni ó ń pa agbára ìfò náà. Síìlì, rọ́bà kan tí ó rí bí òrùka, ni ó ń ṣọ́ òróró ní ẹnu páìpù.

Eruku ni ọ̀tá rẹ̀. Ní àwọn ọ̀nà oko Akínyẹlé àti Lágelú, eruku a lẹ̀ mọ́ ọ̀pá, a sì ha á bí sáńpépà. Ọ̀pá tí ó bá ti ní ìlà tàbí ìpẹtà yóò gé síìlì tuntun bí ó ti gé ti àtijọ́. Ẹni tí ó bá pààrọ̀ síìlì láìyẹ ọ̀pá wò fi owó ṣòfò.

Láti mọ̀ bóyá ó ń jò, kí onímọ́tò nù ún gbẹ, kí ó wakọ̀ fún ọjọ́ kan, kí ó tún wò ó. Ọ̀rinrin díẹ̀ kò burú. Kí ó sì tẹ igun ọkọ̀ mọ́lẹ̀, kí ó fi í sílẹ̀: bí ó bá fò ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ, òróró ti dínkù.

A lè tú ṣọ́ọ̀kù àwọn ọkọ̀ àtijọ́ kan, bí irú ti iwájú Píjò 404. Bí síìlì kò bá sí ní àrọ́wọ́tó, àwọn kan a gé rọ́bà inú táyà dípò rẹ̀. Èyí kò dára rárá: òróró a mú kí rọ́bà bẹ́ẹ̀ wú, kí ó sì rọ̀ bí ẹ̀kọ. Awọ líle tí a rẹ sínú òróró sàn jù ú lọ, gẹ́gẹ́ bí awọ inú páǹpù kẹ̀kẹ́. Awọ bẹ́ẹ̀ ni a lò nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀ oníomi tí Joseph Bramah gba ìwé àṣẹ lé lórí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1795. Síbẹ̀, yóò kàn mú ọkọ̀ dé ilé ni.

Òróró àti rọ́bà gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu. Àwọn Faransé tí ó ṣe ọkọ̀ Citroën DS ní 1955, èyí tí òróró àti gáàsì ń gbé dípò sípírìǹgì irin, bẹ̀rẹ̀ sí í lo òróró aláwọ̀ ewé dípò pupa ní 1966. Ẹni tí ó bá da ọ̀kan sínú èkejì yóò ba gbogbo síìlì ọkọ̀ náà jẹ́. Bákan náà ni òróró ẹ́ńjìnì ṣe ń ba rọ́bà bíréèkì jẹ́.

Ewu ńlá méjì ló wà. Èkíní, sípírìǹgì tí ó wà lára ṣọ́ọ̀kù iwájú wà ní títẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá tú u láìlo irin tí a fi ń dì í lè pàdánù ẹ̀mí. Okùn kò tó. Èkejì ni ti àwọn tí ń lu páìpù, tí wọ́n ń da òróró sí i, tí wọ́n sì ń jó ojú rẹ̀ pọ̀. Gáàsì tí a tì mọ́ inú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀kù lè mú kí ó bú gbàmù, iná sì tún lè mú òróró. Irú èyí, pípààrọ̀ rẹ̀ nìkan ni ó tọ́.

Ẹni tí ó bá sì ń da òróró sínú èyí tí a lè tú kò gbọdọ̀ kún un dé ẹnu, nítorí ọ̀pá nílò àyè. Kí òróró tòsì àti tọ̀tún dọ́gba, kí ẹrù sì jẹ́ ìdajì títí síìlì gidi yóò fi dé.