Pẹ̀lẹ́ Lákọ, Ó Lábo: Gbèsè Wo Ni A Jẹ Erin Igbó Ọmọ?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í jìnnà sí ẹnu àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ náà ni "sorry". Bí èèyàn bá tẹ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́sẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, ẹni tí a tẹ̀ gan-an lè kọ́kọ́ tọrọ àforíjì. Kate Fox, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá, dán èyí wò. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ń forí gbárí pẹ̀lú àwọn èèyàn níbi tí èrò pọ̀ sí, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, Watching the English, tí ó jáde ní 2004, pé nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí òun kọlù ló ní "sorry".

Àwa náà ní tiwa. "Pẹ̀lẹ́" là ń sọ fún ẹni tí ó fẹsẹ̀ kọ, a kò sì torí bẹ́ẹ̀ jẹ́wọ́ pé àwa la gbé òkúta síbẹ̀. Ìdí nìyí tí èdè fi máa ń yàtọ̀ láàárín àwọn èèyàn wa ní London àti àwọn aládùúgbò wọn. Ọmọ Yorùbá á ní "sorry" fún ẹni tí ìka rẹ̀ há sẹ́nu ilẹ̀kùn, onítọ̀hún á sì dáhùn pé, "Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ." Ìbákẹ́dùn ni pẹ̀lẹ́ tiwa yìí. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣẹ̀ ní tòótọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kì í parí ẹjọ́. A ó dọ̀bálẹ̀ tàbí kí a kúnlẹ̀, a ó wá àgbà tí yóò bá wa bẹ̀bẹ̀, ohun tí a bà jẹ́, a ó sì tún un ṣe. Àwọn àgbà ló kúkú ní pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, òṣùwọ̀n yìí ni ó yẹ kí a fi wọn ọ̀rọ̀ àwa àti àwọn ẹranko igbó tí ó kù fún wa. Ní ìhà ìlà-oòrùn Ìjẹ̀bú-Igbó àti Agọ́-Ìwòyè, tí kò sì jìnnà sí ilẹ̀ Ogun Waterside, ni Igbó Ọmọ wà. Nígbà ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì, ní 1925, ni wọ́n sọ ọ́ di igbó ọba. Ó fẹ̀ tó nǹkan bí 130,500 hẹ́kítà. Ní 1946, wọ́n ya 460 hẹ́kítà sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kàn án. Ní 1977, àjọ UNESCO fi orúkọ rẹ̀ sára àwọn igbó tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ bójú tó.

Erin ń bẹ níbẹ̀ títí di òní. Erin igbó ni, ó kéré sí erin ọ̀dàn, eyín rẹ̀ sì nà tààrà sísàlẹ̀. Ní oṣù Ẹrẹ́nà 2021, àjọ IUCN kéde pé irú erin yìí ti wà ní bèbè ìparun. Iye erin tí a sábà máa ń gbọ́ pé ó kù ní gbogbo Nàìjíríà kò tó 400. Àdánù wọn kì í sì í tètè di àtúnṣe, nítorí abo erin igbó lè ju ogún ọdún lọ kí ó tó bí àkọ́bí rẹ̀, nǹkan bí oṣù 22 ni yóò sì fi gbé oyún kan. Igbó pàápàá yóò pàdánù, nítorí erin a máa jẹ èso òro, èyí tí à ń rí àpọ̀n nínú kóró rẹ̀, a sì máa gbé kóró náà lọ síbi tó jìnnà kí ó tó yà á sílẹ̀ láti hù.

Àwọn ọdẹ wa mọ iyì erin. Díẹ̀ ni ẹranko tí a kì nínú ìjálá tó o. Ṣùgbọ́n oríkì kò dá ìbọn dúró, kò sì dá ẹ̀rọ agégi dúró. A gé igi fún pákó, a gbin kòkó sáàárín igbó ọba, àyè erin sì ń sún kì. Bí a bá gé igi nígbó, ó yẹ ká fi ọ̀ràn ro ara wa wò.

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti àgbẹ̀ náà. Ní 2021, àwọn àgbẹ̀ agbègbè Imobi, ní Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú, figbe ta pé erin ń wọ oko àwọn. Ẹni tí erin tẹ gbágùúdá rẹ̀ mọ́lẹ̀ lóru, owó iléèwé ọmọ rẹ̀ ló bá a lọ. Bí a bá ní kí ó má ṣe pa erin, tí a kò sì fún un ju "pẹ̀lẹ́" lọ, a kàn ti gbé ẹrù gbogbo wa lé orí ẹnì kan ni. Ọ̀nà àbáyọ wà. Ní Kẹ́ńyà, àwọn àgbẹ̀ ń fi ilé oyin ṣe ọgbà yí oko ká, nítorí erin ń bẹ̀rù oyin. Àgbẹ̀ á sì tún rí oyin tà. Àwọn mìíràn ń fi ata ra okùn ọgbà wọn. Irú ìrànlọ́wọ́ báyìí, àti owó ìtánràn fún ohun tó bàjẹ́, ni pẹ̀lẹ́ tó lọ́wọ́ nínú.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ti jẹbi rí. Wọ́n fi eyín erin ilẹ̀ Áfíríkà ṣe bọ́tìnnì dùùrù àti bọ́ọ̀lù bílíádì. "Sorry" kò san gbèsè yẹn. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2018, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Òkúdù 2022, tí ó ka títà ọ̀pọ̀ jù lọ ohun tí a fi eyín erin ṣe léèwọ̀, ló bẹ̀rẹ̀ sí í san án. Wọ́n ti pa ẹranko odò tí wọ́n ń pè ní beaver run pátápátá nílẹ̀ tiwọn ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún sẹ́yìn, nítorí awọ rẹ̀. Ní 2009, wọ́n kó irú rẹ̀ wá láti Norway, wọ́n sì dá a padà sínú igbó Knapdale ní Scotland. Àwa kò tíì dé ibi tí a ó ti máa lọ wá erin yá nílẹ̀ òkèèrè.

Nínú ilé ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá na akika tàbí ọ̀bọ sí wa lójú títì, ẹ jẹ́ ká kọjá lọ. Ọ̀yà tí a ń sìn nínú ilé ń bẹ fún ẹni tí ẹran ìgbẹ́ ń wù. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ pé erin kì í ṣe ẹranko inú àlọ́ nìkan, pé ó ń rìn ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ẹ jẹ́ ká máa bi àwọn aṣòfin wa ní Abẹ́òkúta léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe fún igbó náà àti fún àwọn àgbẹ̀ etí rẹ̀. Erin kò gbọ́ èdè tí a fi ń ní pẹ̀lẹ́. Àyè tí a bá fi sílẹ̀ fún un ni yóò mọ̀.