Ajá Kékeré Tí Kò Mọ̀ Pé Òun Kéré

Bí àlejò bá kan ilẹ̀kùn nílé tí Yorkshire terrier wà, gbígbó tó máa gbọ́ lè mú kó rò pé ajá ńlá ló wà nínú ilé. Ìgbà tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn ló máa rí i pé ẹni tó ń gbó náà kò tóbi ju ológbò lọ, kò sì wúwo ju nǹkan bíi kílò 3.

Torí irun rẹ̀ tó ń dán ni ọ̀pọ̀ ṣe ń rà á, wọ́n á wá máa gbé e kiri bí ọmọláńgidi. Iṣẹ́ ló gbé e wá sáyé o. Láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn ahunṣọ láti Scotland wá iṣẹ́ lọ sí Yorkshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì kó àwọn ajá kéékèèké tó ń pa eku dání. Látinú irú wọn ni Huddersfield Ben ti wá, èyí tí wọ́n bí ní 1865, tí wọ́n ń pè ní bàbá irú ajá yìí.

Ẹ gbọ́ ti Smoky. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, William Wynne, sójà Amẹ́ríkà kan, rà á ní New Guinea. Kò tó kílò 2. Nígbà tó yá, ní Lingayen lórílẹ̀-èdè Philippines, àwọn sójà fẹ́ gba wáyà tẹlifóònù kọjá lábẹ́ pápá ọkọ̀ òfuurufú. Páìpù kan wà níbẹ̀ tó gùn tó mítà 21, àmọ́ ó há gan-an, iyẹ̀pẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí i láwọn ibì kan. Wọ́n so okùn mọ́ Smoky lọ́rùn, Wynne lọ sí ẹnu páìpù náà lódìkejì, ó ń pè é. Ajá náà wọlé, ó sì jáde sọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀.

Ọjọ́ kan péré nìyẹn. Tó bá jẹ́ ìrìn ojoojúmọ́ ni, ọrùn gan-an ni kò yẹ kí okùn wà. Ọ̀nà èémí irú ajá yìí kì í lágbára, ó sì lè rọ̀ wọlé. Ikọ́ tó ń dún bí igbe pẹ́pẹ́yẹ ni àmì rẹ̀. Okùn tó gba àyà àti èjìká ló dáa, kí dọ́kítà ẹranko sì yẹ ajá tó bá ń wúkọ́ bẹ́ẹ̀ wò.

Eyín rẹ̀ tún máa ń há mọ́ra, ó sì tètè ń bà jẹ́. Ẹ máa fọ̀ ọ́ fún un, àmọ́ kì í ṣe pẹ̀lú ọṣẹ ìfọyín tiyín. Ẹ máa ya irun rẹ̀ lójoojúmọ́, tàbí kẹ́ ẹ gé e mọ́lẹ̀. Ṣokoléètì, àlùbọ́sà àti èso àjàrà, májèlé ni fún un. Ọmọ ajá tí ebi bá pa pẹ́ lè máa gbọ̀n, kó sì dákú, torí náà, ẹ máa fún un lóúnjẹ díẹ̀díẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́.

Àwọn ọmọdé ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó sílẹ̀ kí wọ́n tó gbé e, torí tó bá já bọ́ lọ́wọ́ wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè kán. Ẹ má sì jẹ́ kó dojú kọ ajá ńlá ní títì. Kò ní sá.

Àwọn kan ń ta èyí tó kéré ju bó ṣe yẹ lọ lówó gọbọi. Kíkéré yẹn máa ń mú àìsàn wá. Ẹ ní kí wọ́n fi ìyá ọmọ ajá náà hàn yín kẹ́ ẹ tó sanwó. Ọ̀pọ̀ lára wọn ń lo ọdún 12 sí 15 láyé: ọmọ yín tó wà ní jẹ́lé-ó-sinmi lè ti máa múra yunifásítì kí ajá náà tó kú.