Kí ìlú má baà tú, Fáda kó àgbẹ̀ 19 jọ: bí wáìnì Barbaresco ṣe bọ́ lọ́wọ́ alágbàtà

Ẹni tó bá rí wáìnì pupa láti Ítálì lórí tábìlì olówó, ohun tó máa wá sí i lọ́kàn ni pé bọ̀rọ̀kìnní kan ló ni oko àjàrà tó ti wá. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé àwọn àgbẹ̀ tí oko wọn ò ju bíńtín lọ ló ni ín. Barbaresco ni wọ́n ń pè é, orúkọ yẹn náà ni wọ́n ń pe ìlú wọn, ìlú kékeré kan lórí òkè ní Piedmont, lápá àríwá Ítálì. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ò tó 1,000.

Àjàrà kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń ṣe é, Nebbiolo lorúkọ rẹ̀. Alágídí ni, kì í tètè pọ́n, kì í sì í ṣe gbogbo ilẹ̀ ló ti ń ṣe dáadáa. Síbẹ̀, láyé ọjọ́un, ẹni tó ń gbìn ín kọ́ ló ń jèrè rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe Barolo, wáìnì ńlá tó múlé tì wọ́n, ni wọ́n ń ta àjàrà wọn fún. Iye tí oníbàárà bá sì pè é ni wọ́n ń gbà. Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe? Àjàrà tó ti pọ́n ò ṣeé gbé pamọ́, bí wọn ò bá tà á, yóò bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ ni.

Domizio Cavazza, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ wáìnì ní Alba, ló kọ́kọ́ fẹ́ wá nǹkan ṣe sí i. Lọ́dún 1894, ó kó èèyàn mẹ́sàn-án tó ní oko àjàrà jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀, wọ́n sì ń ṣe wáìnì tiwọn. Cavazza kú lọ́dún 1913. Nígbà tí ìjọba Mussolini dé, òfin ọrọ̀ ajé tí wọ́n gbé jáde ò jẹ́ kẹ́gbẹ́ náà rímú mí, bí wọ́n ṣe ti ìlẹ̀kùn pa nìyẹn. Igi dá, ẹyẹ fò, kálukú tún padà sọ́dọ̀ alágbàtà.

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ọ̀rọ̀ wá burú sí i. Àwọn ọ̀dọ́ ń fi oko sílẹ̀, wọ́n ń lọ síṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ mọ́tò Fiat ní Turin. Fáda Fiorino Marengo, àlùfáà Àgùdà ìlú náà, wò ó pé bó bá ń lọ báyìí, ìlú máa tú. Ló bá pe àgbẹ̀ 19 jọ lọ́dún 1958, wọ́n sì dá Produttori del Barbaresco sílẹ̀. Wọn ò ní ilé iṣẹ́ kankan o! Abẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti ṣe wáìnì ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, kí wọ́n tó kọ́ tiwọn sí òdìkejì ìta gbangba tó wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń tú ni wọ́n fi òfin dì. Gbogbo Nebbiolo tí ọmọ ẹgbẹ́ bá ká, ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ ló gbọ́dọ̀ kó o wá pátá. Kò sí pé kéèyàn rọra ta èyí tó dáa níkọ̀kọ̀, kó wá kó gbẹ̀rẹ́fu fẹ́gbẹ́. Wọ́n á yẹ àjàrà náà wò, ẹni tí tirẹ̀ bá dáa jù ló ń gbowó tó pọ̀ jù. Ojúsàájú ò sí níbẹ̀.

Láti ọdún 1967 ni wọ́n ti ń ya wáìnì àwọn òkè tó lórúkọ jù sọ́tọ̀, bíi Asili, Rabajà àti Montestefano. Mẹ́sàn-án ni gbogbo wọn, owó wọn sì ju ti yòókù lọ. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí àjàrà ò bá dáa tó, wọn kì í ṣe wọ́n rárá, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n máa pò pọ̀ mọ́ Barbaresco lásán. Owó ńlá ló ń bọ́ lọ́wọ́ wọn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ.

Lónìí, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà ti lé ní 50, oko wọn sì lé ní 100 hẹ́kítà. Ẹni tó bá ra ìgò kan nínú wáìnì àwọn òkè mẹ́sàn-án yẹn, kó wo ara rẹ̀ dáadáa: orúkọ àwọn àgbẹ̀ tó ni oko náà ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀.