Láti Pápá Ọkọ̀ Òfurufú Ìkẹjà sí Ọ̀fàdà: Mọ́tò Wo Ni Kí Àlejò Wọ̀?

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí láti Peckham ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 2024, tí ó ní òun ń bọ̀ wá wo ìyá wa ní Ọ̀fàdà lẹ́yìn ọdún mẹ́tàdínlógún tí òun ti rí i gbẹ̀yìn, kì í ṣe ayọ̀ ni ó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Ọ̀ràn mọ́tò ni. Mo bi í pé, "Àǹtí mi, ọjọ́ wo ni bàálù yín yóò balẹ̀, agogo mélòó sì ni?" Ó bínú díẹ̀. Ó ní òun ń sọ̀rọ̀ ìyá, èmi ń sọ̀rọ̀ agogo.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ejò náà jẹ́ fún yín. Ní ọdún 2016 ni bàbá wa kú. Àbúrò bàbá wa, tí a ń pè ní Bàbá Kékeré, ń gbé ní Amẹ́ríkà, òwúrọ̀ ọjọ́ ìsìnkú gan-an ni ọkọ̀ òfurufú rẹ̀ sì dé Ìkẹjà. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má wá pàdé àwọn, pé ọmọ ilé kì í bèèrè ọ̀nà ilé. Bí wọ́n ti jáde ni ọkùnrin kan tí ó wọṣọ dáadáa gba báàgì lọ́wọ́ wọn. "Bàbá, níbo là ń lọ?" Wọ́n ní Ọ̀fàdà ni, ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ọkùnrin náà ní, "Ilẹ̀ Ẹ̀gbá? Mo mọ gbogbo ibẹ̀ bí ẹni mowó." Ó gbé wọn gba Agége, ó gba Sàǹgó, ó gba Ìfọ̀, nínú kòtò àti gegele, títí ọkọ̀ fi gbóná tí ó ń yọ èéfín. Agogo kan ọ̀sán kọjá kí wọ́n tó wọ Abẹ́òkúta. Ibẹ̀ ni dírẹ́bà ti wá bi wọ́n léèrè pé àdúgbò wo ní Abẹ́òkúta ni wọ́n ń pè ní Ọ̀fàdà. Ó tún gba owó mìíràn kí ó tó yí ọkọ̀ padà.

Nígbà tí Bàbá Kékeré fi máa dé ọ̀dọ̀ wa, a ti bo sàréè. Wọ́n dúró lórí yẹ̀pẹ̀ tútù náà pẹ̀lú kóòtù wọn lọ́rùn, wọn kò sì bá ẹnikẹ́ni wí. Ì bá sàn kí wọ́n bá wa wí.

Àṣìṣe tí dírẹ́bà náà ṣe kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé níwọ̀n ìgbà tí Ọ̀fàdà jẹ́ ìlú Ẹ̀gbá, a gbọ́dọ̀ gba Abẹ́òkúta kí a tó dé ibẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Òwódé ni Ọ̀fàdà wà, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ fún ẹni tí ó ń bọ̀ láti Èkó sì ni Mówe, lójú títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní ọdún 1978. Láti Ìkẹjà, ẹ ó dé Bẹ́gà, ẹ ó gun afárá gígùn ní Kara níbi tí wọ́n ti ń ta màlúù, ẹ ó kọjá Arépo, Mágbọ̀rọ̀, Ìbafò àti Àṣèsè, kí ẹ tó dé Mówe. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti yà wọ ọ̀nà Ọ̀fàdà. Bí ẹ bá gbọ́ tí dírẹ́bà dárúkọ Sàǹgó, ẹ gba báàgì yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó wá ku irú ọkọ̀ tí a ó wọ̀.

Ọmọ mi ọkùnrin ni ó kọ́kọ́ dá ìmọ̀ràn, ó ní rélùwéè ni. Mo fẹ́ràn rélùwéè, n kò ní purọ́. Ní ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irin àkọ́kọ́ láti Èkó, ní 1901 ni ó sì ṣí dé Ìbàdàn. Àwọn bàbá wa ń fi í kó ẹrù oko kí títì tó gbayì. Èyí tuntun tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Júùnù 2021 mọ́ tónítóní, ó sì tutù nínú. Ó ń dúró ní Agége, tí kò jìnnà sí pápá ọkọ̀ òfurufú, ó sì ń dúró ní Abẹ́òkúta, ní ibùdókọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká, ọmọ bíbí ìlú náà, pè. Bí ó bá jẹ́ pé òkè Olúmọ ni ẹ̀gbọ́n mi ń lọ, ǹ bá ní kí wọ́n wọ̀ ọ́ láìwẹ̀yìn, bí bàálù wọn bá sáà balẹ̀ láàárọ̀, nítorí ọkọ̀ ojú irin ní wákàtí tirẹ̀, kì í dúró de ẹni tí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ṣì ń tú báàgì rẹ̀. Ṣùgbọ́n irin kò gba Mówe. Agbádò, Kájọlà àti Pápáláńtò ni ó gbà. Ẹni tí ó bá wọ rélùwéè lọ sí Ọ̀fàdà ṣe irú ohun tí Bàbá Kékeré ṣe, àfi pé ti tirẹ̀ kò ní kòtò.

Dáńfó ni ó dínwó jù. Láti pápá, ẹ ó wá Òṣòdì tàbí Bẹ́gà, ẹ ó wọ ọkọ̀ Mówe, ní Mówe ẹ ó wá kẹ̀kẹ́ Maruwa tàbí ọ̀kadà tí yóò gbé yín wọ Ọ̀fàdà. (Ọ̀gágun Marwa tí ó ṣe gómìnà ológun Èkó ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe kẹ̀kẹ́ náà, n kò mọ iye ènìyàn tí orúkọ rẹ̀ ń gbé kiri báyìí lójoojúmọ́.) Ẹ má retí ọ̀kadà ní Ìkẹjà, nítorí láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Júùnù 2022 ni ìjọba Èkó ti fòfin dè é níbẹ̀. Èmi fúnra mi, dáńfó ni mo ń wọ̀. Fún ọ̀dọ́ tí ó ní báàgì kan ṣoṣo, kò sí èyí tí ó dára jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ti lé ní ọgọ́ta ọdún, orúnkún ń dùn wọ́n, wọ́n sì ń bọ̀ pẹ̀lú báàgì méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wúwo tó kìlò 23. Kọndọ́ yóò gba owó báàgì, yóò tún fi báàgì náà sí abẹ́ ẹsẹ̀ ẹlòmíràn.

Àwọn ọ̀dọ́ ní kí a fi fóònù pe ọkọ̀. Uber dé Èkó ní 2014, Taxify tí ó di Bolt ní 2019 sì tẹ̀ lé e. Láti pápá sí ilé ẹni ní Ìkẹjà, ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí dírẹ́bà bá gbọ́ pé Ọ̀fàdà ni, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ro bí òun yóò ṣe padà lófo, yóò sì sá, tàbí kí ó ní kí ẹ pa ti fóònù tì, kí ẹ jẹ́ kí a dúnàá-dúrà. N kò dá wọn lẹ́bi. Láti ọjọ́ 29 oṣù Méè 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé kò sí owó ìrànwọ́ orí epo mọ́, gbogbo dírẹ́bà ló ń ka epo bí ẹni ka owó ẹyọ.

Ní ti tásín tí ó tò sínú pápá, ìmọ̀ràn mi kò pọ̀. Ẹ parí iye owó kí báàgì tó wọ búùtù, kí ẹ sì sọ pé inú Ọ̀fàdà ni, kì í ṣe Mówe. Ẹni tí ó bá ná Mówe, ní oríta Mówe ni wọn yóò sọ̀ ọ́ sí. Ẹ tún bèèrè lọ́wọ́ àlejò yín ilé wo ni bàálù rẹ̀ yóò ti sọ èrò kalẹ̀, nítorí yàtọ̀ sí ilé àtijọ́ tí wọ́n ṣí ní 1979, wọ́n ṣí ilé tuntun ní 2022. Mo ti rí ẹni tí ó dúró ní ọ̀kan tí bàbá rẹ̀ ń wò yán-án-yán ní èkejì.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo lọ bá ọmọ Ọ̀fàdà kan tí ó ń fi Sienna kó ìrẹsì wá sí Èkó. Ọkọ̀ rẹ̀ ti gbó, ó sì ń run. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìrẹsì Ọ̀fàdà mọ òórùn tí mo ń wí, òórùn tí ó ń ti ara rírẹ tí wọ́n ń rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mélòó kan wá. Ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí omi máa ń dúró sí lọ́nà Mówe sí Ọ̀fàdà nígbà òjò, àti pé níwọ̀n bí yóò ti já ẹrù rẹ̀ ní Èkó kí ó tó wá gbé wa, owó àbọ̀ nìkan ni ó gbà. Tásín tí mo bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní pápá ń pe ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀.

Ó ku ohun kan tí n kò rò tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹfà oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà 2024, ni ẹ̀gbọ́n mi dé, ní ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ kẹta oṣù náà ni owó epo ṣẹ̀ṣẹ̀ fò láti nǹkan bíi náírà 617 sí ohun tí ó lé ní 850, tí ìlà ọkọ̀ sì gùn nílé epo gbogbo. Bákan náà, ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù ni ìsìn òru Ridiọ́ọ̀mù máa ń wáyé ní Rìdẹ́mṣọ̀n Kámpù, tí ó wà níwájú Mówe díẹ̀, gbogbo ọkọ̀ tí ó ń lọ síbẹ̀ sì gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà tiwa.

Dírẹ́bà wò wá. Ó ní, "Bọ̀dá, bí a bá wọ ọ̀nà nísinsìnyí, òru ni yóò bá wa lórí afárá Kara. A kò ní lọ síwájú, a kò ní lè padà sẹ́yìn."

Mo ní kí a sùn ní Ìkẹjà, lọ́dọ̀ àna mi. Ẹ̀gbọ́n mi kò gbà. Láti ọjọ́ Túsìdeè ni Màámi kò ti jẹun dáadáa, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún sì ni wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi di apá mi mú níwájú gbogbo ènìyàn, wọ́n ní, "Bí Màámi bá lọ lóru yìí ńkọ́? Kí ni ìwọ yóò sọ fún mi?"

N kò ní èsì. Bàbá Kékeré ni mo ń rò. Àwọn gba ọ̀nà tí kò tọ́, wọ́n pẹ́. Àwa mọ ọ̀nà tí ó tọ́, àwa náà tún fẹ́ pẹ́. Mo fi fóònù pe ilé, ọmọ alájọgbé wa sì gbé e sí etí Màámi. Ẹ̀gbọ́n mi kò lè sọ̀rọ̀, ẹkún ni wọ́n ń sun. Màámi ní, "Ṣé o ti jẹun? Lọ sùn. Èmi kò lọ sí ibì kankan."

A sùn ní Ìkẹjà, bí a bá lè pè é ní oorun. Agogo márùn-ún kù díẹ̀ ni a gbéra. Àwọn màlúù Kara ṣì wà lórí ìdúró nínú òkùnkùn. Ilẹ̀ mọ́ wa ní Ìbafò. Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n sùn sójú ọ̀nà láti alẹ́ ṣì wà níbẹ̀, wọ́n kọjú síwájú, àwọn èrò wọn ń fi omi inú ọ̀rá bọ́jú. Ẹ̀gbọ́n mi wò wọ́n títí, wọn kò sọ nǹkan kan. Kí agogo méje tó lù, a ti wà ní Ọ̀fàdà.

Màámi jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìborùn. Wọ́n wo ọmọ wọn láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n ní, "Ìwọ náà ti darúgbó." Lọ́jọ́ náà ni wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n sì tún bèèrè fún ẹran.

Oṣù mẹ́rin ni wọ́n lò sí i. Nígbà tí a fẹ́ sin wọ́n ní oṣù Jánúárì 2025, kò sí ẹni tí ó bi mí léèrè ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti fúnra wọn pe dírẹ́bà Sienna láti Peckham kí wọ́n tó pè mí. Bàbá Kékeré náà wá láti Amẹ́ríkà. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ìsìnkú ni wọ́n dé, wọ́n sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀.